Àjẹ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní abúlé wa létí odò, tí kò jìnnà sí Ìlútítun, kò sí obìnrin tó lè fi ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan sáré ju ìyá mi lọ. Epo pupa ló máa ń fi ọkọ̀ kó lọ sọ́jà, iṣẹ́ yẹn ló sì mú apá rẹ̀ le. Ọdọọdún, lẹ́yìn Kérésì, ló ń borí nínú eré ọkọ̀ tí àwa àti àwọn ará òdìkejì odò máa ń sá, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin ọmọ, kéèyàn kọ́kọ́ dé èbúté nìkan kò tó. Àgbà kan láti ìhà àwọn tó fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ wá gba àjẹ̀, igi tó fi wa ọkọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó borí kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn ò bá gbà á, o ò tíì borí nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá mi ló ṣáájú. Ó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀ ni obìnrin tó ń lé e bọ̀ bá gbé àjẹ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn lójú. Orí ilẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wa ọkọ̀ lọ títí imú ọkọ̀ fi kan ilẹ̀.

Ìjà ti bẹ́ láàárín ìhà méjèèjì nígbà náà. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ́ra wọn lórí bí ẹni ń fọ́ àgbọn. Àna ń lu àna. Ẹni tó bá ṣubú sómi, wọ́n á tún tẹ orí rẹ̀ mọ́ inú omi. Bàbá tó yẹ kó gba àjẹ̀ ti nà gbalaja, eyín rẹ̀ ti dà sínú ẹrẹ̀.

Ìyá mi jókòó sínú ọkọ̀, ó na àjẹ̀ síwájú, ó ń pè wọ́n kí wọ́n wá, ó ń ké pé, "Ẹ ghá gbà á! Ẹ ghá gbà á o!" Ìjà ni wọ́n ń bá lọ. Mo fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ ti borí."

"Ìwọ kọ́ ló máa sọ ọ́."

Ìgbà tó dákú la tó rí i gbé. Ojú yẹn fọ́, kò sì bá wọn sá eré ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń sá eré náà báyìí, pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹnìkejì, wọ́n á lé e dànù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi gan-an, òdìkejì odò ló ti fẹ́yàwó. Àmọ́ àjẹ̀ ìyá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àna wa, ẹ sọ fún wọn pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ tipẹ́. Kí wọ́n wá gbà á.