Verlon Pickard àti Ojú Ẹsẹ̀ Àwọn Ìbaaka

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Verlon Pickard ti ń gé koríko pápá bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Corley ní Arkansas, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sáré, kò sì gbá bọ́ọ̀lù náà rí. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó gbá a rí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá wá dán pápá wò lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì lọ tán, Verlon á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo ojú ẹsẹ̀ wọn bí ọdẹ tó ń tọpa ìgalà.

Lọ́sẹ̀ yìí, Dunmore ló ń bọ̀, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ìbaaka. Ọmọ Dunmore ni Harlan Stubbs tó ń pín lẹ́tà. Òun àti Verlon ti bọwọ́ ní Ọjọ́bọ̀ pé ẹni tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá pàdánù ni yóò wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ kejì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí wọ́n bọwọ́ tán ni Verlon rántí pé òun ló kàn láti ka Bíbélì níwájú ìjọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn Dunmore dán pápá wò tán, ó pe Kóòṣì Brockett, akọ́nimọ̀ọ́gbá Corley.

“Ẹ wo ojú ẹsẹ̀ gìrìpá tó ń ṣọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ bí ọkọ́. Tòsì kàn ń tọ́ ilẹ̀ wò ni. Ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.”

“Asáré wọn ńkọ́, Baba?”

Verlon fi bàtà wọn ìṣísẹ̀ kan, ó pòṣé. “Ẹ ò lè mú eléyìí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Bó ṣe fi koríko sílẹ̀ láìgé nìyẹn, tó sì ṣí omi sí i títí ilẹ̀ fi ń ró ṣàpà-ṣàpà. Odessa ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

“Verlon, ṣé ìrẹsì lo fẹ́ gbìn ni?”

“Asáré wọn ò ní rí ibi tẹsẹ̀ sí.”

“Àwọn tiwa ńkọ́?”

“Àwọn tiwa mọlẹ̀.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ohun tó sọ ló ṣẹ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àwọn ọmọ Corley gba ọ̀dọ̀ gìrìpá yẹn wọlé lọ gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Asáré wọn yọ̀ ṣubú títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n Dunmore ní ọ̀kan tó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò sáré rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, bẹ́ǹṣì ló jókòó sí tó ń jẹ ìpápánu. Kò tẹ koríko rárá. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà, tó ń rìn gbẹ̀dẹ̀-gbẹ̀dẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń wọ́ ọmọ Corley mẹ́ta-mẹ́ta tẹ̀ lé ara. Àwọn ọmọ Corley, tó jẹ́ pé eré nìkan ni wọ́n mọ̀, ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá. Dunmore ló borí, mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rìnlá.

Ẹrẹ̀ ti bo Kóòṣì Brockett dé orúnkún nígbà tó rí Verlon. “Baba Verlon, ta gan-an lẹ ń bá ṣiṣẹ́?”

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Harlan fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀wù náà wá. Ó ti lọ̀ ọ́. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìbẹ́pẹ, kò sì bo ìdodo. Verlon wọ̀ ọ́, ó rìn lọ síwájú ìjọ, ó ṣí Bíbélì. Kí ó tó lanu, “Hìn-ín-hàn-án!” dún bí ìgbà tí ìbaaka bá ń ké.

Ó wo àwọn ará ìjọ láti ìlà dé ìlà. Gbogbo wọn ti dorí kodò. Ó bojú wẹ̀yìn. Pásítọ̀ Gaines ló ń fi ìwé orin bo ẹnu.

“Ẹ dìde ká gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa,” ni Verlon wí, “títí kan ẹranko tó wà lẹ́yìn mi yìí.”