Ẹ̀dá Alásà Tó Wà Nínú Ẹrẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà pé ohun tí òun ń wá jìnnà sílé. Ẹ̀dá omi kékeré kan ni, ìbátan edé, tó gbé ìkarahun bí asà sẹ́yìn, tó ní ìrù méjì tín-ín-rín, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta. Ó ti wà láyé kí ẹyẹ kankan tó fò. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ òjò ló ń gbé. Bí omi bá gbẹ, á kú, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ á wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa retí òjò.

Kò sẹ́ni tó tíì rí i ní agbègbè wọn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dé, ọ̀jọ̀gbọ́n á gbé àwọ̀n kọ́ èjìká, á máa tẹ ẹrẹ̀ oko olóko kiri. Bàbá Elédé làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Àwọn tí kò gbọ́ ọ dáadáa a máa wá ra ẹlẹ́dẹ̀ nílé rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Kòtò ẹ̀yìnkùlé, níbi tí táyà ọkọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀, ni wàhálà tirẹ̀. Aṣọ oníbàárà tó bá já bọ́ lórí okùn, inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló ń bọ́ sí.

"Olówó orí mi, omi ìdọ̀tí lẹ̀ ń wá kiri ayé. Tilé ńkọ́?"

"Ẹ̀fọn nìkan ló wà ńbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dí i nígbà yẹn."

"Dí i."

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti oko ìwádìí dé, bíríkìlà tí ìyàwó rẹ̀ pè ti kó ẹrẹ̀ kúrò, ó ti da kọnkéré, ilẹ̀ ń dán. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni ìyàwó sọ ọ́.

"Mo rí kòkòrò kan níbẹ̀ kí wọ́n tó kó o. Ó dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, àmọ́ ó gbé àwo dé ẹ̀yìn."

"Ìrù ẹ̀ ńkọ́?"

"Méjì ni. Mi ò pè yín wò ó, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀fọn ni."

Òkèlè ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n padà sínú àwo.

Bíríkìlà ti fi ẹrẹ̀ náà dí kòtò iwájú ilé tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bá a níbẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ká kó o dànù."

"Èmi ni. Ẹ ṣàánú mi."

Ọkùnrin náà bù ú sínú àpò sìmẹ́ńtì fún un, ó ń wò ó bí ẹni tórí ẹ̀ ń dà rú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sá ẹrẹ̀ náà sóòrùn títí ó fi gbẹ, ó kó o sínú abọ́ ìfọṣọ ìyàwó rẹ̀, ó bu omi òjò lé e. Ó wò ó títí, kò rí nǹkan. Ó fẹ́ dà á nù, ìyàwó ní kó fi í sílẹ̀. Kò pẹ́, nǹkan bí eruku bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú omi. Eruku náà dàgbà, ó yọ ìrù, ó gbé asà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ ti abọ́ náà.

Nígbà táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, ìyàwó ló ń ṣàlàyé, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án," ó wí, "mo ti mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò lásán."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò já a nírọ́. Ó lọ gbé àga wá fáwọn àlejò.