Àwọn Ìwé Ẹgbẹ́ tí Òjò Pa

Èéfín èédú ń rú nínú áyọ́ọ̀nù Yèyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló ń lọ̀. Ìwé ni. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó fi ìwé tútù kan lé e, ó tún fi aṣọ mìíràn bò ó, ó wá ń rọra gbé áyọ́ọ̀nù náà kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó ń dún ṣìì, ṣìì. Gbogbo yàrá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìjì ṣí páànù ilé wa ní Ìlàrè, tí òjò sì wọnú àpótí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ìdílé mélòó kan tó jọ tẹ abúlé kan dó ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n jọ ń gbin kòkó, wọ́n jọ ń sá a, wọ́n jọ ń tà á. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ni akọ̀wé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alága tuntun, ọ̀dọ́kùnrin kan, wá bá wa kẹ́dùn. Ó wo àwọn ìwé náà, ó mi orí.

“Yèyé, ẹ jẹ́ ká dà wọ́n nù. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ṣáà wà láàyè.”

Yèyé ò gbójú sókè. “Ẹ̀yin wà láàyè. Àwọn tó ti kú ńkọ́?”

Èyí tó dùn ún jù ni ìwé ìpàdé àkọ́kọ́. Yíǹkì ti ṣàn dànù lára rẹ̀, kò ṣeé kà mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù láyé tí wọ́n jọ jókòó sípàdé náà: Àlàájì kan ní Òkè-Ògbó, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìwó. Àmọ́ òun àti Yèyé ti yan ara wọn lódì láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ sí. Mo ti rí i tí Yèyé sọdá títì nítorí kí wọ́n má baà pàdé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè, ó ní kí n kálọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Àlàájì, ó tún gèlè náà ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó pe, “Àgò onílé o.”

Àlàájì jókòó lórí ẹní, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó wò ó títí.

“Akọ̀wé. Ẹsẹ̀ yín ṣì mọ ibí?”

“Òjò ti pa ìwé ìpàdé wa àkọ́kọ́, Àlàájì. Èmi nìkan ò lè rántí rẹ̀ tán.”

Ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Yèyé mú bírò jáde.

“Abẹ́ odán la ti ṣe é,” ni Yèyé wí.

“Astagafurulai! Abẹ́ igi obì ni. Obì já lu bàbá kan lórí nígbà tó ń ṣàdúrà lọ́wọ́.”

Yèyé fẹ́ jiyàn, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà Àlàájì nu ojú rẹ̀, ó béèrè:

“Ìyá tó yọ̀ǹda ilẹ̀ baba rẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ kọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn?”

Yèyé mi orí. “Wọ́n ní àwọn ọkùnrin nìkan ni kí n kọ.”

“Ẹ kọ ọ́ báyìí.”

Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pátápátá. Ní ti igi, ó kọ méjèèjì: akọ̀wé ní odán, Àlàájì ní obì.

Láti ọjọ́ náà, Òkè-Ògbó di ọ̀nà wa. Nígbà tí Àlàájì kú, Yèyé jókòó ti àwọn ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe fìdáù.

Òun náà ti lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jà lórí ohun tí bàbá wa sọ kó tó kú. Ó dá mi lójú pé èmi ni mo gbọ́ ọ dáadáa, mi ò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ni mo rántí obìnrin arúgbó tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n jọ ń yan odì, nítorí ó mọ̀ pé ìdajì ohun tí òun ń wá wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ sọ tiyín,” ni mo wí. “Mo ń gbọ́.”