Ohùn Tí Kì Í Ṣe Ti Ìyá Kàfáyà

Ariwo ni mo bá lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni àwọn obìnrin tó ń di ọjà nílé-iṣẹ́ wa yí mi ká, oníkálukú na fóònù sí mi létí.

"Bàbá Ràsákì, ẹ wá gbọ́ ohun tí Ìyá Kàfáyà wí! Ẹ gbọ́ o!"

Mo gbọ́. Ohùn Ìyá Kàfáyà ni lóòótọ́, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ọmọ Ọ̀tà gidi. Ó ní òun ti bá àwọn ọ̀gá ṣàdéhùn: bí òun bá di alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìn, kó yáa máa fẹsẹ̀ rìn.

Ilé-iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi ní Ṣàngó níbí. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ kẹ́ẹ̀gì ni mo ń darí: ike tó ti yọ́ á máa ṣàn bọ̀ wálẹ̀ bí ìfun ẹran, irin méjì á pa dé mọ́ ọn, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, kẹ́ẹ̀gì á jáde. Nítorí pé n kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdìbò ẹgbẹ́ wa. Mo rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni, kí n máa mu mínírà tútù, kí wọ́n máa kí mi.

Àwọn méjì ló ń du ipò alága: Ìyá Kàfáyà, tó ń di ọjà, àti Brọ́dà Sọ́ńdè, awakọ̀ ilé-iṣẹ́, tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ẹ yọ orúkọ obìnrin yẹn!" ni wọ́n ń pariwo. Àwọn tó ń ti ìlú Agbára wá ló bínú jù, torí bọ́ọ̀sì yẹn ni ẹsẹ̀ wọn.

Mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Ìlaròó. Bí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì tó ń dán fún un, á ní, "Ó dára lójú. Da omi sí i ká wò ó." Mo sọ fún wọn pé n kò ní yọ orúkọ ẹni tí n kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ni wọ́n bá hó lé mi lórí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní mo ti gba owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn kàńtíìnì ni mo ti rí Ìyá Kàfáyà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?"

"Mo fi Ọlọ́hun búra, n ò sọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí èmi gan-an gbọ́ ọ, mo bi ara mi pé, àbí ojú oorun ni mo ti sọ ọ́? Kàfáyà ọmọ mi pè mí láàárọ̀, ó ní, 'Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀?'"

Ìgbà yẹn ni omijé rẹ̀ bọ́.

Sìsítà Bùkọ́lá, tó ń mójú tó iná àti wáyà ilé-iṣẹ́ wa, ti gbọ́ wa. Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI lè ṣe irú ẹ̀. Bí ó bá ti rí ohùn èèyàn díẹ̀ lórí fóònù, ó lè fi sọ ohunkóhun.

Mo ní, "Bí a bá wí bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn ò ní gbà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn, sà. Ṣé ẹ máa yá mi ní ohùn yín? Tẹ́ ò bá gbà, n ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo gbà.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa pé sí kàńtíìnì. Mo dúró níwájú, mo pa ẹnu mọ́ pinpin. Ohùn mi bá jáde látinú sípíkà: "Ẹ̀yin ará, èmi Ràsákì ṣèlérí àgbò kọ̀ọ̀kan fún gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún Iléyá yìí. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ náà, ẹ mú okùn yín wá."

Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wo sípíkà. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Irọ́ ni! Bàbá Ràsákì tí kì í fún èèyàn ní ṣíńgọ́ọ̀mù?" Ẹ̀rín bá bú. Mo rẹ́rìn-ín tèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣíńgọ́ọ̀mù yẹn dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Sìsítà Bùkọ́lá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló fi ohùn mi sọ ọ́. Ìyá Kàfáyà bá dìde.

"Ẹ ti gbọ́ ohùn mi. Ó ku kẹ́ ẹ gbọ́ èmi. Èmi náà ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi mí lójú mi."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Brọ́dà Sọ́ńdè, torí ọ̀pọ̀ ti ń fura sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kàfáyà.

"N ò mọ ẹni tó ṣe é. Tó bá jẹ́ tìtorí mi ni, n ò rán an, n ò sì fẹ́ ìbò tó bá tibẹ̀ wá. Ẹ bi àwa méjèèjì."

Wọ́n bi wọ́n títí: ọ̀rọ̀ àfikún iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ lóòjọ́. Ní kàńtíìnì yẹn kan náà la ti fi kún òfin ẹgbẹ́ pé ohùn tàbí àwòrán ẹnikẹ́ni kò ní di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ohùn ẹlòmíì láìgbàṣẹ. A ò rí ẹni tó ṣe ayédèrú náà mú títí dòní.

Ọjọ́ ìdìbò, a ka ìbò sókè ketekete lójú gbogbo ayé. Ìyá Kàfáyà ló wọlé. Brọ́dà Sọ́ńdè ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ìyá náà sókè, kàńtíìnì sì di ijó.

Láàárín àwọn oníjó ni mo ti rí Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó pariwo lé mi lórí lẹ́nu géètì. Ó ń jó débi pé gèlè rẹ̀ ti já bọ́.

"Ẹ kú oríire o," ni mo wí. "Ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún wọlé."

"Èmi kẹ̀? Sọ́ńdè ni mo dìbò fún."

"Kí lẹ wá ń jó sí?"

Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Bàbá Ràsákì, ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ bá mi yàn. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yàn. Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n jó."