Ẹ́ńjìnì Tuntun Bàbá Fẹ̀sọ̀jayé

Ìyàwó tó gun lọ́rì pákó dé ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ nínú aṣọ funfun, Monísọ́lá ni, ní ọdún 1986. Kì í ṣe pé kò rí mọ́tò wọ̀ o. Mọ́tò tó lágbára jù ní gbogbo Imeri ló gbé e kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, Pijó tuntun onítọ́bò tí bàbá rẹ̀, olóògbé Fẹ̀sọ̀jayé, rà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn awakọ̀ ní bí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, fífò ló ń fò. Bàbá kò tẹ̀ ẹ́ ni.

Ìwé tó bá mọ́tò wá ló sọ pé ẹ́ńjìnì tuntun kò gbọdọ̀ sáré, kó máa rọra lọ ní ọgọ́ta títí gbogbo irin inú rẹ̀ yóò fi mọ ara wọn. Bàbá ka ìwé yẹn bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó gé páálí, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé Ẹ́ŃJÌNÌ TUNTUN, Ẹ MÁA KỌJÁ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ti yọ lẹ́yìn báyìí, yóò na ọwọ́ ọ̀tún kọjá láyà ara rẹ̀, yóò yọ ọ́ lójú fèrèsé, yóò máa júwọ́ sí onítọ̀hún pé kó kọjá. Ọwọ́ òsì ló sún mọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n Bàbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe nǹkan fún ọmọlúàbí.

“Bàbá, aago mẹ́wàá ni Fadá wí o,” Monísọ́lá sọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Aago mẹ́wàá ń bọ̀, àwa náà ń bọ̀.”

“Kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè ló kọjá wa yẹn.”

“Kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ́ńjìnì.”

Màmá Agatha, ìyàwó rẹ̀, dá sí i. “Bàbá Monísọ́lá, ọmọ yìí ń lọ sílé ọkọ.”

“Ṣé torí pé ó ń lọ sílé ọkọ ni kí n ṣe ba ẹ́ńjìnì jẹ́?”

Monísọ́lá ní èébì ń gbé òun. Bàbá dúró fún un. Bí ọmọ ṣe bọ́lẹ̀, ó dá lọ́rì Akínwọlé tó ń kó pákó lọ sí Ọ̀wọ̀ dúró, ó ká aṣọ sókè, ó gùn ún. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú èérún pákó lórí, Fadá ya ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Láníyì ọkọ ìyàwó wò ó títí, bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè ẹni tó ń wá. Wọ́n ti pààrọ̀ òrùka tán kí Pijó tó dé. Bàbá bọ́lẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó ní, “Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ gbóná.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Monísọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn ẹ́ńjìnì yẹn ju òun lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wọ mọ́tò yẹn mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún, páálí wà níbẹ̀. Christopher mẹkáníìkì ṣàlàyé títí pé ẹ́ńjìnì ti kúrò ní tuntun. Bàbá ní, “Ọ̀nà òyìnbó ni ìwé yẹn ń sọ. Kò mọ ọ̀nà tiwa.”

Ní ọdún 1991, Bàbá lọ kí Monísọ́lá ní Arimogija, níbi tí òun àti Láníyì ti ń ṣe tíṣà. Ó kù díẹ̀ kó máa lọ nígbà tí Monísọ́lá fa igi ìdáná kan yọ nídìí ògiri, tí ejò sì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni abẹ́rẹ́ tó lè gbà á wà. Gbogbo ọkọ̀ ìlú ti lọ ọjà. Pijó nìkan ló kù.

Láníyì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ti ń wú, Monísọ́lá di ojú. Ọgọ́ta, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀. Ọgọ́ta yìí ni yóò pa mí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí lọ́rì Akínwọlé, ẹ bá mi dá a dúró.”

Bàbá fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀. Ohùn kan tí Monísọ́lá kò gbọ́ rí dìde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ àga. Ó la ojú. Igi kòkó ń sá lọ sẹ́yìn. Wọ́n kọjá lára lọ́rì kan tó kó pákó, ó sì rí ojú Akínwọlé lókè níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ó wo aago ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá ọgọ́jọ. Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé oró.

“Bàbá, ẹ́ńjìnì ń kọ́?”

“Ẹ́ńjìnì wo?”

Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà rí Pijó tó fò kọjá, wọ́n ní olè ti jí mọ́tò Bàbá. Wọ́n lé e dé ọgbà ọsibítù pẹ̀lú ìbọn, wọ́n bá ẹni tó ni ín lórí bẹ́ǹṣì. Abẹ́rẹ́ ti wọ ara Monísọ́lá. Bàbá kò tíì bojú wo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tí wọ́n dá Monísọ́lá sílẹ̀, ó bá páálí tuntun lẹ́yìn mọ́tò.

“Ẹ̀rù ba ẹ́ńjìnì yẹn,” Bàbá wí. “Gbogbo irin inú rẹ̀ ti gbàgbé ara wọn. A ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

Monísọ́lá jókòó síwájú. Ọgọ́ta ni wọ́n bá dé Arimogija, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ọdún 1999 ni Bàbá kú. Nígbà tí wọ́n ń gbé e láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Imeri, Monísọ́lá ló wa Pijó síwájú, ọkọ̀ tó gbé pósí tẹ̀lé e, páálí sì wà lára gíláàsì. Ó wo dígí. Akínwọlé wà lẹ́yìn pẹ̀lú lọ́rì pákó rẹ̀, takisí wà lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹ ní ọgọ́ta. Ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá láyà, ó yọ ọ́ lójú fèrèsé, ó júwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa kọjá.

Kò sẹ́ni tó kọjá.