Dúrójayé Kò Dúró

Gbogbo onífọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́ ló máa ń ké "Dúró!" kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà. Bàbá Pius Akínyẹlé nìkan ni kì í pè é. "Má mira" ni tirẹ̀. Mo rò pé fáàrí àgbà ni.

Bàbá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Pásípọ́ọ̀tù nìkan ló kù tó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí òkè Olósùnta. Èmi tí mo fi fóònù kọ́ fọ́tò yíyà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ fi ìtàn yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè jókòó.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ná! Nígbà tí kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, wọ́n ya títì ńlá kan ní Paris. Èèyàn kún ibẹ̀, ẹṣin kún ibẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, òfìfo! Kámẹ́rà ìgbà yẹn ń lọ́ra jù. Gbogbo ohun tó ń rìn ló pòórá. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n nu bàtà fún un ló hàn. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń sáré mú!"

Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó ṣí agolo bisikíìtì kan, ó gbé fọ́tò kan lé mi lọ́wọ́. Ọmọdébìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Aṣọ rẹ̀ hàn, bàtà rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí èéfín.

"Dúrójayé," ó wí. "Méjì ti lọ mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó bí i, la fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò nígbà náà. Mo ní 'Dúró!', ó yí orí. Fíìmù tó kù nìyẹn. Mo gbá a létí. Kí n tó ra òmíràn, èéyi mú un lọ."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo nìyí. Ojú ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní kó tó fọ́ pátápátá, òun fẹ́ rí ojú ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Bàbá, kékeré nìyẹn! Fóònù mi á tún un ṣe."

Mo yà á sínú fóònù, mo ní kí áàpù kan fi ojú kún un. Ìṣẹ́jú méjì péré, ojú ti jáde: ẹyinjú kedere, eyín funfun, àní ó tún ní kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́! Mo pariwo. Bàbá ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní ká máa lọ sílé.

"Káàbọ̀ sí ulé, ọmọ mi," ni Màmá, ìyàwó Bàbá, kí mi nígbà tí a délé. Ó gba fóònù, ó gbé e mọ́ imú.

"Ọmọ ta rèé?"

"Dúrójayé ni, Mà."

"Rárá o." Kò bínú. "Èyí dúró jẹ́ẹ́. Tèmi kò dúró rí."

Ó nawọ́ gba fọ́tò ti tẹ́lẹ̀. Kò gbé ìyẹn súnmọ́ ojú. Ó fi ìka tẹ èéfín náà díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ló ń wò níbí. Èmi ni mo pè é láti ẹnu ọ̀nà."

Bàbá gbórí sókè. "Ìwọ lo pè é?"

"Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni. Ẹ ti gbá a létí kí n tó lanu sọ pé èmi ni. Ẹ̀rù bà mí, Baba. Ó ṣì ń bà mí."

Bàbá wá ibi tí yóò fọwọ́ mú lára ògiri, kò rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì," ló ń sọ ṣáá. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì tí mo ti ń bi ọmọ yẹn pé kí ló dé tó fi mira."

Mo pa ojú tí mo ṣe rẹ́ nínú fóònù mi. Wọn ò mọ ìgbà tí mo jáde.