Bí Mo Ṣe Lọ sí Lọ́kọ́jà, Bí Mo Ṣe Bọ̀

Ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo rí ààyè láti wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún méjì ní Abuja, màmá mi ní, "Yorùbá kan náà ni gbogbo wa, o ò ní ṣàjèjì níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá tiwa àti tiwọn jọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan. Bí mo bá lanu ní Utako, àwọn tó ń ta fóònù á wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí òbí wọn jẹ́ Yorùbá pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ìrìn àjò ni mo fi ń gbàgbé ìdáwà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wọkọ̀ láàárọ̀ lọ wo ìlú àtijọ́ kan, n ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti lọ sí Suleja, mo ti lọ sí Keffi. Lọ́kọ́jà ló wá wù mí jù, nítorí mo ti kà pé ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó tẹ̀dó sí kí wọ́n tó gba Òkè Ọya.

Ìyá onílé mi ní Lugbe, ọmọ Ìjẹ̀bú, fẹ́ dá mi dúró.

"Ọ̀nà Lọ́kọ́jà kẹ̀? Wọ́n ń jí èèyàn gbé níbẹ̀, ìwọ ń lọ wo ilé àtijọ́. Àlejò lójú lóòótọ́, kò fi ríran."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo fi pásípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀ nínú àpótí, kí àwọn ajínigbé má baà mọ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ni mí bí wọ́n bá mú mi.

Nígbà tí a fi Gwagwalada sílẹ̀, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tán lójú ọ̀nà, gbogbo èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìta. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Mo rí ọkọ̀ kan tó ti jóná, koríko ti hù jáde lójú fèrèsé rẹ̀.

Ní Lọ́kọ́jà, mo wo ilé onírin tí àwọn Òyìnbó fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ìlú wọn. Mo ka orúkọ lára ibojì àwọn Òyìnbó. Àwọn kan nínú wọn ò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kú sílẹ̀ onílẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ọlọ́kadà kan gbé mi gun òkè Patti, níbi tí mo ti rí Odò Ọya àti Benue tí wọ́n pàdé ara wọn. Mo ya fọ́tò odò, mo ya afárá, mo ya ọ̀nà Abuja.

Aago méjì ni mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà. Àwa mẹ́rìnlá ni. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, ọkùnrin onífìlà dúdú kan wà lẹ́yìn wa. A ti kọjá Kotonkarfe nígbà tí àbúrò mi pè mí láti Cotonou. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, Faransé rọ̀ ọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní báwo ni ọ̀nà ṣe rí. Mo fi Faransé sọ fún un pé àwa mẹ́rìnlá ni, pé a ò tíì dé Abaji, pé n kò rí sọ́jà kankan. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, Abaji nìkan ló yé àwọn èrò ọkọ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ọkùnrin onífìlà náà bi mí.

"Àbúrò mi ni, sà."

"Èdè wo nìyẹn?"

"Faransé ni. Ọmọ Kétu ni mí."

"Kétu Èkó?"

"Rárá, sà. Kétu ti Benin."

"Irọ́!" ẹnìkan pariwo níwájú. "Àwọn ará Benin kì í sọ Faransé!" Ìlú Benin ló ń rò, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tiwa.

Ọkùnrin náà ti dìde. "Dẹ́rẹ́bà, dúró! Amí àwọn ajínigbé nìyí. Ó ń sọ ibi tí a dé fún wọn."

Ọkọ̀ dúró lẹ́bàá igbó. Wọ́n fà mí bọ́ sílẹ̀, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n sì rí fọ́tò afárá, wọ́n rí ti ọ̀nà. "Ìwé ìdánimọ̀ ẹ dà?" Kò sí. Ẹnìkan ti ṣẹ́ igi. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Yorùbá Kétu ló ń jáde lẹ́nu mi, bí mo sì ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ló ń dà bíi pé mò ń parọ́ tó. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ló dẹ́rù bà mí jù, torí mo mọ ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè ṣe.

Ìyá àgbà náà sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ọmọ, pe ìyá ẹ, kí gbogbo wa gbọ́."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè, ó gbé e, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, ìyá àgbà sì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàsán o," ni ìyá náà wí.

"Háà, ẹ káàsán, màmá," màmá mi dáhùn, ohùn Kétu bíi tèmi gan-an. "Ṣé dáadáa ni? Ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti jẹun? Ẹ bá mi bá a wí o, ìrìn ẹ̀ ti pọ̀ jù nílùú onílùú. Àwọn wo ló ń pariwo yẹn?"

"Èrò ọkọ̀ ni. Gbogbo wa ti ń lọ sílé."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹni tó mú igi jù ú sínú koríko. Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Ọ̀ṣun, ń wo igbó.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" ó ní. "Ibi tí a dúró sí yìí léwu ju ọmọ yìí lọ."

A sáré wọlé. Ọkùnrin onífìlà náà gba fóònù lọ́wọ́ ìyá àgbà, kò sì dá a padà fún mi títí a fi dé Gwagwalada. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní, "Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ ló tà wọ́n." Mo fẹ́ bínú sí i, n kò lè bínú.

Màmá mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí dòní.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó tún wọ ọkọ̀ lọ síbi tó jìnnà sí ilé. Bwari tó wà nítòsí Abuja lásán ni mo lọ. Kí ọkọ̀ tó gbéra, mo kí àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn mi, kí ojú wọn sì mọ tèmi.